Ìyá Oníwóróbo àti Àáró Ilé-Kéwú

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ní Cow Lane ní Àkrá lẹ́yìn ikú ìyá àgbà mi ló ń sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Haa, Alhaja Sẹ̀fíátù, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n." Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ìyá tí èmi mọ̀ bá lémọ́ọ̀mù jà lórí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń da bàtà sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó bá awakọ̀ tòrotòro, ọkọ̀ akérò wa, jà nítorí pé ó pe ọmọbìnrin kàyàyó kan, alábàárù ọjà, ní òpònú. Ó bá èmi náà jà débi pé odidi oṣù kan ni a fi ń kí ara wa bí ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ, ọkàn mi ò sì tíì kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni jẹ́jẹ́ kọ́.

Tí mo bá ń pè é ní "ó" nínú ìwé yìí, kí àgbàlagbà má bínú sí mi. Lójú kojú, "ẹ" ni, ìkúnlẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé kí n sọ̀rọ̀ òun bí ènìyàn kan ṣoṣo, pé ara òun kò tó ti ènìyàn méjì mọ́.

N kò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà. Abúlé oko kan lẹ́yìn Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Àkrá nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, wóróbo ló sì ń tà láti ìgbà náà: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, síìpù, rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìbàdí aṣọ. Àwọn aránṣọ ọjà Mákólà ni oníbàárà rẹ̀. Àwọn Gáà àti Àṣàńtì àdúgbò ń pè é ní Alata Maame, ìyẹn ìyá ará Nàìjíríà. Ìyá Oníwóróbo ni àwa Yorùbá ń pè é.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Tí o bá dé iwájú Ìyá, kì í ṣe ojú rẹ ló máa kọ́kọ́ wò, àyà rẹ ni. Tí bọ́tìnnì kan bá ti já níbẹ̀, ohun yòówù kí o máa sọ, kò ní gbọ́. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ti ní òwú nínú máa ń wà lára ìborùn rẹ̀ nígbà gbogbo, funfun, dúdú àti búlúù. Ní ọjọ́ kan, ọlọ́pàá kan wá lé àwọn tó ń tajà lójú títì. Ó ń pariwo, ó ń fi kóńdó lu tábìlì. Ìyá wo àyà rẹ̀, ó rí i pé bọ́tìnnì kejì kò sí. Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá ti di aṣọ rẹ̀ mú, ó ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Ọlọ́pàá dákẹ́ wẹ́lo títí ó fi rán an tán, nítorí ta ló máa pariwo nígbà tí abẹ́rẹ́ wà ní ìtòsí ọ̀fun rẹ̀? Ó wá béèrè pé kí ni òun máa san. Ìyá ní, "Jẹ́ kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní sùúrù. Èmi àti ìwọ ti parí nìyẹn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí o máa ṣe fún Ìyá tí kò ní ṣe nǹkan padà, kò sì sí ohun tí Ìyá máa ṣe fún ọ tí kò ní dúró wo ọwọ́ rẹ. Kì í dá abọ́ oníabọ́ padà lófìfo. Hajia Mẹ́múnà tó jẹ́ Haúsá, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàrin ilé rẹ̀ àti tiwa, gbé wáákyé, ìrẹsì oní-ẹ̀wà, wá fún wa nínú abọ́ tánganran kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ààwẹ̀. Ìyá fi ẹ̀kọ gbígbóná dá a padà. Hajia fi fúrá dá a padà. Ìyá fi mọ́ínmọ́ín dá a padà. Abọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, títí tí ààwẹ̀ fi parí, títí tí iléyá fi dé, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ẹni tó ni ín mọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ kúkú jẹ́ kó sinmi." Ó wò mí bíi pé mo ní kó ba ọ̀rẹ́ jẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán láàrin wa ni?"

Mo rò pé ọdún tí ìjọba ayé ìgbà náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà ni ìwà yìí ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀, wọ́n sì lọ. Obìnrin Gáà kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn Gáà, ní ìkángun òpópó, Naa Kọ́kọ́, ló gbé àpótí ọjà Ìyá wọ yàrá ara rẹ̀. Ó ní kó máa lọ, pé òun á bá a tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àpótí wà níbẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó dín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ti dípẹtà tí kò sí èyí tó ṣe é tà. Ìgbà tí Naa Kọ́kọ́ wá kú, mo ti gbọ́njú, ojú mi ló ṣe. Ìyá lọ sí ẹ̀yìn ilé òkú, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó ti ìkòkò, ó ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fọ ìkòkò, àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà. Àwọn ọmọ òkú ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó láàrin àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìyá yín kò jókòó nígbà tí ọ̀ràn mi dé."

Èmi ni ọmọ-ọmọ tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí, oríkì mi nìyẹn. Mo ti parí yunifásítì, mo ń wá iṣẹ́, mo sì máa ń ran Màdáàmù Dédé lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọ Gáà ni Màdáàmù Dédé, olùkọ́ ni. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ohun tí à ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ayé ṣe so mọ́ ara wọn: ibi tí kòkó Gánà ń lọ, ibi tí aṣọ òkìrìkà ti ń bọ̀, ìdí tí ìlú kan fi ní tí òmíràn kò fi ní, àti ohun tí ọ̀dọ́ ìlú méjì lè jọ dáwọ́ lé. A ń ṣe é nínú ilé-kéwú tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí Ìyá ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìyá tó ń ṣe àbójútó.

Ní Sátidé kan, Màdáàmù Dédé ní kí kálukú mú ohun kan wá láti ilé, kó sì wádìí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo mú páálí bọ́tìnnì kan lórí tábìlì Ìyá láìtọrọ. Ó mọ̀. Kí ni Ìyá kì í mọ̀? Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó rọ́ wọlé pẹ̀lú odindi àpótí kan lórí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàrin wa, ó ní bí a bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí, kí a má fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n. Ó ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Síìpù yìí, Ṣáínà. Abẹ́rẹ́ yìí, Íńdíà. Òwú yìí, òun kò mọ orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni kan ní Lomé ni òun ti ń rà á. Rọ́bà yìí, Èkó. Ó wá sọ ẹni tí yóò rán wọn mọ́ aṣọ ní Mákólà, àti ẹni tí yóò wọ aṣọ náà lọ sílé ìwé ní Kumasi. Àwọn ọmọ lanu sílẹ̀. Màdáàmù Dédé tó ti ń kọ́ni fún ọdún gbọọrọ jókòó sórí ẹní, ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan béèrè pé, "Maame, ṣé ẹ mọ àwọn tó ń ṣe é?" Ìyá ní, "N kò mọ̀ wọ́n, wọn ò sì mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá jí lówùúrọ̀, kí ni mo fẹ́ tà?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ó ń wá ní gbogbo Sátidé, ó ń jókòó lẹ́yìn, ó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan láti ìlú kékeré kan ní Jámánì ti ń bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ọdún kan. Wọ́n ní àwọn méjìlá fẹ́ wá sí Àkrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn sì bá wa tún ilé-kéwú kùn. Inú wa dùn débi pé a ò sùn. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá níbi tó ti ń to òwú.

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Láti ìlú wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àáró ni yẹn."

Mo ń kánjú, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, àáró ni." Èmi ni mo sọ ọ́. N kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá dàgbà lóko lè má mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi. Nínú àáró, àgbẹ̀ bíi márùn-ún á para pọ̀. Lónìí, gbogbo wọn á wá sí oko rẹ. Lọ́la, gbogbo yín á lọ sí oko ẹnì kejì, títí tí yóò fi yí ká. Ẹni tí wọ́n bá wà lóko rẹ̀ ló máa bọ́ wọn. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n ṣe tirẹ̀ tí kò lọ ṣe tiwọn, ojú burúkú ni gbogbo abúlé máa fi wò ó. Bàbá Ìyá jẹ gbèsè àáró ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kú kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti tán, pé òkú kì í ro oko. Bàbá gbé ọkọ́, ó lọ bá opó ọkùnrin náà ro oko láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyá, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ló gbé omi tẹ̀lé e.

Èmi kò mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo ní "àáró ni," Ìyá ti lọ láti ilé dé ilé ní Cow Lane. Ó ti sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n múra ọmọ wọn sílẹ̀, pé ọjọ́ wọn ń bọ̀ ní Jámánì. Ó ti ní kí aránṣọ kan wọn àwọn méjì fún aṣọ òtútù.

Àwọn àlejò dé. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, kò sí ẹlẹ́nu gbígbóná nínú wọn. Lẹ́nà ni orúkọ ọmọbìnrin tó sún mọ́ mi jù, ẹni ogún ọdún, onírun pupa, tó ń gbìyànjú láti máa sọ "ẹ kú iṣẹ́" fún gbogbo ènìyàn títí kan ewúrẹ́. A jọ ń họ ògiri, a jọ ń kùn ún. Ìyá ń se wáákyé fún wa lójoojúmọ́, ẹyin sí i, ẹja sí i, bí ẹni tó ń ṣe àáró lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀dà ti dé ìdajì ògiri. Ìyá jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, ó wá sọ fún mi pé kí n bi Lẹ́nà ní ọjọ́ tiwọn, àti iṣẹ́ tó wà lóko wọn.

Ojú tì mí. Mo yíjú sí Lẹ́nà, mo sì sọ fún un lédè òyìnbó pé ìyá àgbà mi ní kí wọ́n ṣeun púpọ̀.

Ìyá kan ọwọ́ mọ́ itan. "Àbẹ̀kẹ́! Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta bọ́tìnnì fún ẹni tó ń sọ òyìnbó. N kò ní kí o dúpẹ́. Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ọkùnrin tó kó wọn wá, tó jẹ́ olórí wọn, rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá kò ní láti ṣe ìyọnu, pé ọ̀fẹ́ ni, pé kò sí iṣẹ́ kankan tí ọmọ Àkrá nílò láti wá ṣe fún àwọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìlú wo ni kò ní iṣẹ́? Ṣé wọn ò ní arúgbó ni? Ṣé koríko kì í hù níbẹ̀?"

Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e ti ibi tí ọ̀dà kò tíì dé, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní kí wọ́n máa wá ṣeré, kí wọ́n máa jẹun, ìlú wọn ni ibí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró ná títí a ó fi mọ ọjọ́ tiwọn. "Bí wọ́n bá fẹ́ parí rẹ̀ lónìí, kí wọ́n kun èmi náà mọ́ ọn."

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá. Wọ́n ní Alhaja, ọ̀wẹ̀ ni èyí, kì í ṣe àáró, a kì í san ọ̀wẹ̀ padà, oúnjẹ tí ẹ fún wọn ti tó. Ìyá ní, "Ta ló bẹ ọ̀wẹ̀? Nínú yín, ta ló lọ bẹ̀ wọ́n? Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá. Ẹni tí a kò bẹ̀ tó wá bá wa ṣiṣẹ́, tí a kò bá bá a ṣe tirẹ̀, sàárà la gbà yẹn. Ṣé sàárà lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa gbà títí wọn yóò fi hu irùngbọ̀n?" Wọ́n ní rárá. "Ọwọ́ afúnni ló ń lékè," ni Ìyá wí, "ti àwọn ọmọ wa náà gbọ́dọ̀ lékè lọ́jọ́ kan."

Nígbà náà ni Lẹ́nà dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ká a lára. Ó ní iṣẹ́ wà. Ìyá àgbà òun ní ọgbà ápù kan lẹ́yìn ìlú, igi rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, òun náà sì ti lọ. Ọdọọdún ni èso ń jábọ́ tó ń jẹrà lẹ́sẹ̀ igi, tí ìyá àgbà òun ń wò ó láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí iṣẹ́ tí àlejò lè ṣe. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá, ó dìde, ó lọ di Lẹ́nà lọ́wọ́ mú. "Èso ń jẹrà, ìyá arúgbó ń wò ó, wọ́n sì ní kò sí iṣẹ́!"

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní àwọn tó rán àwọn wá kò ní ètò fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá ní kò burú, ògiri á dúró dè wọ́n. Wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Ìdajì ògiri jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdajì jẹ́ eruku. Màdáàmù Dédé kò mọ ohun tó máa kọ ránṣẹ́, nítorí pé àwọn tó rán wọn wá ń retí fọ́tò ilé tó ti parí, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa wọ̀nyẹn parí síbẹ̀. Mo bínú sí Ìyá bí n kò ṣe bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ fún un pé ó ba nǹkan wa jẹ́, pé ayé ti kúrò ní ti abúlé Ọ̀fà. Fún oṣù kan, ẹ káàárọ̀ ni, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ bọ ìborùn rẹ̀, ó ní, "Má bínú tìtorí ohun tí mo ṣe. Bínú tìtorí pé wọ́n ní kò sí ohun tí o lè ṣe."

Mo ronú lórí rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì wá dùn mí. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ Sátidé, a ti sọ pé ọ̀dọ́ gbogbo ayé dọ́gba, a sì kọ ọ́ sára pátákó. Ọkùnrin kan wá dúró níwájú wa, ó ní ìlú òun kò nílò ọwọ́ wa, èmi tí mo kọ ọ́ sára pátákó ló sì rí i bí ohun tó yẹ.

Lẹ́nà kò jẹ́ kó kú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọn, ó sọ fún wọn pé wọ́n ní iṣẹ́ ìdajì ní Àkrá àti àáró láti gbà. Èmi àti Màdáàmù Dédé ń kọ lẹ́tà lọ́tùn-ún lósì. Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò fún wa ní físà. Ẹ̀bi mi ni. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe, mo fọwọ́ sọ àyà, mo ní iṣẹ́. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú oní-físà? Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lọ́dún kejì, ìwé wa pé, àwọn tó ń pè wá fọwọ́ sí i, wọ́n fún àwa mẹ́rin ní físà. Ẹgbẹ́ Lẹ́nà ní lẹ́yìn tí a bá lọ, àwọn náà á wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti parí ògiri. Ọjọ́ yẹn ti wà nílẹ̀ báyìí, Màdáàmù Dédé sì ti ra ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n ara Ìyá kò yá mọ́ nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú. Mo ní n kò lọ mọ́. Ó bú mi, ó bú mi dé orí àwọn òbí mi, ó ní ṣé òun ló máa gun igi ápù ni. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, Bùrọ̀dá Ráfíù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai, wá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n lè lọ. Ní àárọ̀ tí mò ń lọ, Ìyá di ojú aṣọ mi mú, ó wò ó látòkè délẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tó já. Ó ní, "Tí ẹ bá débẹ̀, wọ́n á gbé àga fún yín. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ béèrè ibi tí àkàbà wà."

Ọgbà náà rí bí Lẹ́nà ṣe sọ ọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kìíní ó wá pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọbẹ̀ kan tí kò ní ata rárá, ó dúró títí a fi jẹ ẹ́ tán. Òtútù ń jó wa létí. A ń gun àkàbà, à ń ká èso, à ń tò ó sínú àpótí. Lẹ́nà àti àwọn tirẹ̀ ń ṣe é pẹ̀lú wa. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ará àdúgbò tí kì í yà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà, wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Mo ń ya fọ́tò, mo ń fi ránṣẹ́ sí fóònù Bùrọ̀dá Ráfíù kó fi han Ìyá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a fi ká gbogbo rẹ̀. Igi tó gbẹ̀yìn, ìyá àgbà Lẹ́nà ló ká èso orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwa di àkàbà mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bùrọ̀dá Ráfíù pè mí. Ó béèrè bóyá a ti parí. Mo ní a ti parí. Ó ní kí n jókòó. Ó wá sọ pé Màmá ti kú láti ìjẹta, pé wọ́n ti sin wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo bú u, ẹni tó tó bí mi. Mo bi í pé irú ènìyàn wo ni, pé ìyá àgbà mi kú, ó sì jẹ́ kí n máa ká èso. Ó fi mí sílẹ̀ títí mo fi dákẹ́. Ó ní Màmá ló mú òun búra. Màmá ní tí òun bá pè mí, gbogbo wa á sọ ọkọ́ sílẹ̀, àwọn tó gbà wá sílé á káàánú wa, wọ́n á ní kí a máa lọ, ó ti tó, àáró á sì padà di sàárà.

Mo ní, "Ṣé wọn ò béèrè mi ni?"

Ó ní wọ́n béèrè. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá kú, wọ́n ní kí òun bi mí iye igi tó kù. "Mo pè ọ́. Ṣé o rántí?"

Mo rántí. Orí àkàbà ni mo wà, ọwọ́ mi kan di ẹ̀ka mú, mo fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí. Mo ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bùrọ̀dá, ọwọ́ mi dí," mo sì pa á.

Bùrọ̀dá Ráfíù ní ẹ̀gbẹ́ Màmá ni òun jókòó sí, pé òun ti ń na fóònù sí wọn nígbà tí mo pa á. Òun fẹ́ tún un pè. Màmá ní kó fi mí sílẹ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.